Ẹ ṣọ́ra fún oògùn eégbọn ológbò tí wọ́n ń tà ní ìgboro Ìkòròdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò ní Ìkòròdú, Ìgbógbó, Ìmọ́tà àti gbogbo àyíká wa, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó jáde lọ ra oògùn eégbọn. Ọmọkùnrin kan wà lẹ́bàá ọjà Ṣábó tó ń pe ara rẹ̀ ní "Dókítà". Kì í ṣe dókítà rárá. Oògùn ajá ló ń tà fáwọn tó ní ológbò, á wá fi bébà lẹ ojú ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò gbọdọ̀ kan ológbò lára. Ó gba ₦13,500 lọ́wọ́ mi. Ológbò mi kan ti kú, ìkejì ò tíì gbádùn tán. Ì bá ṣe pé tèmi nìkan ni, orúkọ rẹ̀ ni mi ò bá fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, àmọ́ ọmọ mi ọkùnrin ní kí n má kọ ọ́ kó má lọ di ẹjọ́. Ó dáa. Ẹni tó bá ti bá a ra ọjà rí á ti mọ ẹni tí mò ń bá wí.

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ni mò ń tà. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ tó bá ní òun ò ní ológbò, ẹ lọ wo ìdí àpò ìrẹsì rẹ̀. Mẹ́ta ni mo ní. Ọlọ́dẹ ni àgbà wọn, akọ ni, ó le bí nǹkan míì. Dúdúyẹmí àti Wúrà jẹ́ abo, ìyá àti ọmọ ni wọ́n, ibi tí ọ̀kan bá sùn sí ni ìkejì ń sùn, wọ́n á máa lá ara wọn láàárọ̀ lálẹ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wá bá mi sọ̀rọ̀ àjẹ́ nísàlẹ̀ ibí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fò mí ru. Ara ń kan mí.)

Eégbọn àti yọ̀rọ̀ ló bo àwọn méjèèjì yìí. Wọ́n ń họra ṣáá, irun ń já. Oníbàárà mi kan ló ní kí n lọ bá "Dókítà" ní Ṣábó. Ẹ wò ó, ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ! Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ó ní, "Mummy, ẹ jókòó, ẹ ti rìn jù." Ó fa àga sílẹ̀, ó fún mi ní omi inú ọ̀rá. Ó bi mí bóyá àwọn ológbò mi ń jẹun, bóyá wọ́n ti bímọ. Èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ náà jẹ ẹ́ lógún. Ló bá yọ ike pẹlẹbẹ kékeré kan jáde, irú èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó kán an sí ẹ̀yìn ọrùn ẹran. Bébà funfun wà lára rẹ̀, àwòrán ológbò sì wà lójú bébà náà. Ó ní láti ìlú òyìnbó ni, ₦4,500 ni ọ̀kan, ọ̀kan fún ológbò kan. Mo ní ṣé kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan? Ẹ gbọ́ o, mo BÈÈRÈ! Mo bi í létí àwọn èèyàn. Ó ní, "Mummy, ológbò ìyàwó mi pàápàá, òun ni mò ń lò fún un." Ṣé ẹ ti rí gbájúẹ̀?

Mo délé, mo kán an sí Dúdúyẹmí àti Wúrà lọ́rùn gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Ọlọ́dẹ ní tiẹ̀ ha ọwọ́ mi, ó sá gun àjà, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Mo bú u dáadáa. Mo fi ike tiẹ̀ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, etí Dúdúyẹmí ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fò pẹ́pẹ́, pẹ́pẹ́, bíi pé eṣinṣin bà lé e. Mi ò ka nǹkan kan sí i. Nígbà tó yá, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ò gbà á. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ara rẹ̀ á ta gìrì. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gìrì ti mú un, ó na ọrùn sẹ́yìn, ó ń fi èékánná ha sìmẹ́ńtì. Wúrà náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ àga. Ohun tí mo rí yẹn, mi ò fẹ́ kí ọ̀tá mi rí i.

Ibi tí ìtìjú mi wà nìyí. Ọ̀rọ̀ oògùn ò wá sọ́kàn mi rárá. Ẹja ṣáwá tí mo fún wọn jẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo tẹ oníṣáwá láago ní ìdájí, mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí àgbàlagbà sọ. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí Ìyá Sùlí, alájọgbélé mi, torí ó ti sọ rí pé àwọn ológbò mi ń yàgbẹ́ sí ẹ̀yìn kíṣìnnì òun, ó sì máa ń fi oògùn eku sílẹ̀. Mo dúró sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú ìró àyà, mo pè é ní apànìyàn. Gbogbo ilé ló jáde wá wòran. Obìnrin náà kàn ń wò mí ni. (Mo ti lọ tọrọ àforíjì o. Mo gbé kóńgò ìrẹsì kan dání. Ó gba ìrẹsì náà, àmọ́ títí di òní, tí mo bá kí i, ó dà bíi pé ọ̀fun ń dùn ún.)

Àwọn aládùúgbò wá dé pẹ̀lú ìmọ̀ràn. Ọ̀kan ní kí n fún wọn ní epo pupa mu. Ọ̀kan ní gìrì ni, kí n fi àlùbọ́sà pa á lára. Ẹnì kan tiẹ̀ ti mú parasitámọ̀ jáde. Epo pupa yẹn, mo fún Dúdúyẹmí o. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Epo pupa ni ìyá mi fi ń wo ẹni tó bá jẹ májèlé. Ó gbé e mì díẹ̀, ìyókù gba imú jáde, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Inú páálí indómì ló kú sí, nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ní ibi tí mọ́tò ti há wa mọ́ ní Ògòlóńtò.

Dókítà ẹranko gidi ló gba Wúrà. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú, ó wo ọmọlójú rẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ oògùn kòkòrò bí òtápìápíà tàbí DDVP ni, ọmọlójú ì bá ti súnkì, èyí ò súnkì. Ó bi mí léèrè ohun tí wọ́n jẹ. Mo ní ṣáwá. Ó ní ṣé gbogbo wọn ló jẹ ẹ́? Mo ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ó ní ìkẹta ńkọ́? Mo ní kò ṣe é ní nǹkan kan, orí àjà ló wà. Ó wá wò mí, ó ní, "Mà, kí lẹ fi sára àwọn méjì yìí tẹ́ ẹ ò fi sára ìkẹta?"

Ará mi, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́.

Mo ní kí ọmọ mi gbé ike tó ṣẹ́kù wá láti ilé. Dókítà fi omi tútù díẹ̀ rẹ bébà funfun yẹn, ó ń fi èékánná bó o díẹ̀díẹ̀. Orí ajá ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni "DOGS", gàdàgbà. Mi ò kàwé púpọ̀, àmọ́ mo mọ bí òyìnbó ṣe ń kọ ajá. Ti ajá ńlá tó lé ní kílò 25 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wúrà ò tó kílò mẹ́ta! Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí bébà náà ti lẹ̀ jù, àwòrán ológbò kékeré kan wà nínú òbírí pupa, wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọkùnrin yẹn rí àmì náà. Ó rí i, ó gé bébà tó bò ó dáadáa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹni tó ṣàṣìṣe kì í fi gọ́ọ̀mù ṣe é.

Permethrin lorúkọ kẹ́míkà náà. Dókítà ní ara ajá gbà á, àmọ́ ẹ̀dọ̀ ológbò ò ní èròjà tó lè tètè tú u ká, torí náà ṣe ló máa ń dúró sínú ara, á wá máa da iṣan láàmú. Irú èyí tí wọ́n ń kán sí ajá lọ́rùn sábà máa ń ní in tó ìdá 45 sí 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn méjì tèmi tún ń lá ara wọn, ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tí wọ́n gbé mì. Kò sí oògùn kan pàtó tó ń pa iná rẹ̀. Wọ́n fọ Wúrà, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń fún un ní oògùn tó ń dá gìrì dúró títí ó fi balẹ̀. Owó tí mo san níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Mo pe ọmọkùnrin Ṣábó. Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, "Mummy, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti kán an jù." Kán an jù! Ike kan fún ológbò kan, ẹnu rẹ̀ ló ti jáde! Ó tún ní àrùn ti wà lára àwọn ológbò mi tẹ́lẹ̀. Ó wá ní òun ní oògùn tó ń pa májèlé, ₦6,000, òun á fún ọlọ́kadà gbé wá. Ọmọ yìí pa ológbò mi tán, ó tún fẹ́ ta oògùn ajíǹde fún mi! Nígbà tí mo fi fọ́tò bébà tó bó ránṣẹ́ sí i, ó dí mi pa lórí WhatsApp. Ọmọ mi lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ò mọ̀ mí rí. Èmi tó dọ̀bálẹ̀ fún!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wá sọ pé "kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ bó bébà wò", ẹ má bínú, ṣé ẹ̀yin máa ń bó bébà ara páńádọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ bá rà? Òótọ́ ni pé mi ò wá nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀. Ó yẹ kí n wá a. Mo mọ̀. Mo ti bú ara mi tó. Àmọ́ ta ni ẹ̀bi jù, èmi tí mi ò wò ó ni àbí ẹni tó jókòó tó ń fi síísọ́ọ̀sì gé bébà?

Ohun tí ẹ lè ṣe rèé, mo fẹ́ tètè sọ ọ́ torí oníbàárà ń dúró. Tẹ́ ẹ bá rí "permethrin" lára oògùn, ẹ má fi sí ológbò lára, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó. Oògùn tí wọ́n bá lẹ bébà mọ́, ẹ rẹ ẹ́ lómi, ẹ bó o. Òtápìápíà kì í ṣe oògùn eégbọn, ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yé ta DDVP inú ìgò kékeré 100ml nínú ọjà, wọ́n ṣì ń tà á bíi gúgúrú, ẹ má bá wọn rà á. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, tí etí ń fò, tí ara ń gbọ̀n: ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo wẹ ẹ́ kíákíá, kì í ṣe omi gbígbóná, ẹ nù ún gbẹ, ẹ gbé e lọ pẹ̀lú ike oògùn náà lọ́wọ́. Ẹ má fún un ní epo pupa tàbí mílíìkì. Àlùbọ́sà ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Parasitámọ̀, ẹyọ kan péré tó jẹ́ 500mg lè pa á, dókítà tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má sì tíì bá aládùúgbò yín jà títí ẹ ó fi rántí gbogbo ohun tí ẹ fi sí i lára, ohun tí ẹ fi fọ ilẹ̀, ohun tí ẹ fín sínú yàrá.

Ní tèmi o, mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ lójú ọjà. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, olè ni títí yóò fi hàn mí pé òun kì í ṣe olè. Ẹni tó bá ní dókítà ẹranko lòun, mo ti ń béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ Veterinary Council of Nigeria, tó bá bínú, mo mọ̀ pé kò ní in. Dókítà tó wo Wúrà pàápàá, mo bi í. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi hàn mí lára ògiri. Kódà gọ́ọ̀mù ìlẹkùn tí mo rà lánàá, mo ń bó bébà ara rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé mo ti ya wèrè, kó rò ó.

Ike tó ṣẹ́kù àti bébà tó bó wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá, mò ń gbé e lọ fún NAFDAC. Ẹni tó bá ti ra irú rẹ̀ ní Ṣábó, ẹ má jù ú nù, ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pè mí pé ọmọ yín ni, pé ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí n ṣe sùúrù, ẹ sọ fún un kó kọ́kọ́ yọ àwọn bébà tó kù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò. Ọmọ mi kọjá níbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wọ́n ṣì wà lórí pẹpẹ.