Àgbéyẹ̀wò tírélà agbé-hẹ́dà oní-táyà mẹ́rin: ó dára, bí ẹsẹ̀ yín kò bá wúwo

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo fì sí, kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tirẹ̀ lọ. Tírélà yìí, tí a fi ń gbé hẹ́dà (ẹnu ẹ̀rọ ìkórè) láti pápá kan dé òmíràn, dára fún oko tí àwọn pápá rẹ̀ kò jìnnà síra wọn. Kò dára rárá fún ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo lórí tọ́tù, ibi tí a ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré.

Oko àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní àárín gbùngbùn Illinois ní Amẹ́ríkà, èmi ni wọ́n sì fi tírélà yìí lé lọ́wọ́. Èmi ni mò ń fà á, èmi ni mò ń fi gíríìsì sí i, èmi náà ni mò ń bá fọkanáísà dúnàádúrà lórí táyà rẹ̀. Bàbá tó ni oko rà á ní tòkunbọ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò tó fẹ̀yìn tì. Orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe é ti pa rẹ́, oòrùn ti jẹ ọ̀dà ara rẹ̀, nítorí náà irú rẹ̀ ni mò ń gbé yẹ̀ wò, n kò sọ̀rọ̀ nípa iléeṣẹ́ kankan. Ẹ óò rí irú rẹ̀ káàkiri ibi tí wọ́n ti ń gbin ọkà lọ́pọ̀ yanturu: irin gbọọrọ kan, táyà méjì níwájú tó ń yà tẹ̀lé ọ̀pá ìfà, táyà méjì lẹ́yìn tí kì í yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, àti ìjókòó irin tí hẹ́dà máa ń gúnlẹ̀ sí.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, hẹ́dà ni ẹnu ẹ̀rọ ìkórè, ibi tó fi ń gé ohun ọ̀gbìn tó sì fi ń kó o wọ inú. Èyí tí a fi ń kórè sóyà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 35, ó ju mítà 10 lọ. Ẹsẹ̀ bàtà 12 péré ni ìlà ọkọ̀ kan lójú títì ńlá. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ gba títì pẹ̀lú hẹ́dà lẹ́nu rẹ̀ yóò gba nǹkan bí ìlà mẹ́ta, àpótí lẹ́tà tí àwọn ará àdúgbò rì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yóò sì bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tú u, tí a ń tẹ́ ẹ lé tírélà ní gbọọrọ, tí píkọ̀ọ̀pù tàbí tírákítọ̀ ń fà á tẹ̀lé ẹ̀rọ láti pápá kan dé òmíràn.

Ọ̀rọ̀ eré ni kí n fi ṣáájú, torí òun ló ń pa tírélà yìí, òun ló sì lè pa ẹni tó ń fà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé píkọ̀ọ̀pù ńlá kì í mọ ẹrù yìí lára. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ kò ní kérora, títì tẹ́jú lọ gbalaja láìsí òkè láìsí kòtò, atẹ́gùn ń fẹ́ lójú fèrèsé, kí ẹ tó mọ̀, ọwọ́ géèjì ti kọjá 40. Bẹ́ẹ̀, àkọlé wà lára ọ̀pá ìfà tiwa pé kò gbọ́dọ̀ ju máìlì 20 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 32. Àkọlé yẹn kò purọ́. Bí ẹ bá ti ń sún mọ́ 30, ìdí tírélà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún, jù sósì. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa ṣe é, bíi pé atẹ́gùn ló ń tì í. Bí ẹ bá tún tẹ tọ́tù, ó di kí hẹ́dà tó gùn ju ilé ẹlòmíràn lọ máa fi ìdí gbá ìlà tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Táyà iwájú tó ń yà ló fà á: bí ihò píìnì ọ̀pá ìfà bá ti jẹ díẹ̀, ìmì kékeré tó bá ti ibẹ̀ wá yóò di ńlá kó tó dé ẹ̀yìn.

Bó bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì o. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ di ìdarí mú gbọn-in, ẹ má sì gbìyànjú láti fi ìdarí bá a jà. Yóò rọlẹ̀ bí eré bá ti ń kú. Tírélà tiwa kò ní bíréèkì tirẹ̀, àti hẹ́dà àti irin tó gbé e sì ju tọ́ọ̀nù 3 lọ. Bíréèkì píkọ̀ọ̀pù nìkan ló ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fi jíìpù kékeré fà á torí pé píkọ̀ọ̀pù wà ní gáréèjì. Jíìpù lè fà á lóòótọ́, ṣé ó lè dá a dúró ni ìbéèrè.

Gbígbé hẹ́dà lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì ní ewu tí ojú kò tètè rí. A kì í gbé hẹ́dà lé tírélà tí kò so mọ́ ọkọ̀. Kí ó wà lẹ́yìn píkọ̀ọ̀pù, kí bíréèkì ọwọ́ wà lókè, kí igi sì wà níwájú àti lẹ́yìn táyà, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ ìkórè kò rí ìsàlẹ̀ hẹ́dà, nítorí náà ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa fi ọwọ́ júwe fún un. Bí ẹni méjì bá ń júwe, ìjà ni. Ẹni tó ń júwe yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́, ibi tí ojú rẹ̀ ti lè pàdé ojú awakọ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró sáàárín hẹ́dà àti tírélà láé. A fi ọ̀dà funfun sàmì sára hẹ́dà àti sára ìjókòó tírélà. Bí àmì méjèèjì bá ṣe déédéé, a mọ̀ pé ìwọ̀n rẹ̀ kò tẹ̀ sí iwájú tàbí ẹ̀yìn jù.

Lẹ́yìn tí hẹ́dà bá ti jókòó, kí awakọ̀ pa ẹ̀ńjìnnì, kí ó yọ kọ́kọ́rọ́, kí gbogbo ohun tó ń yí dúró pátápátá, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. A ó wá tú ṣáfù tó ń gbé agbára wọ hẹ́dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, a ó tú rọ́bà tí epo ń gbà àti wáyà, a ó sì fa píìnì tó dè é mọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Ẹ yẹ ṣáfù wò lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ̀rọ tó padà sẹ́yìn. Bí ọ̀kan bá ṣì so, ẹ̀rọ yóò fà á ya, owó rẹ̀ kò sì kéré. Bí ó bá sì di dandan kí ẹnì kan wọ abẹ́ ẹnu ẹ̀rọ tó wà lókè, kí ẹ ti irin ìdádúró sórí ọ̀pá tí agbára epo fi gbé e sókè ná. Epo kì í ṣe ohun tí a ń fi ẹ̀mí gbára lé. Ẹni tí oòrùn fẹ́ wọ̀ bá ní pápá, tí òjò sì ń ṣú, yóò sọ pé gbogbo èyí pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀.

Ẹ dè é dáadáa pẹ̀lú. Àwọn kan rò pé ìwọ̀n hẹ́dà tó láti mú un jókòó, pàápàá tó bá jẹ́ ìrìn kékeré. Tiwa ní ìkọ́ tó ń gbá a mú ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, a sì tún ń fi bẹ́líìtì ìdè méjì lé e. Bí a bá ti rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà, mo máa ń yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti tún bẹ́líìtì fà, torí ó máa ń dẹ̀ bí hẹ́dà bá ti fìdí kalẹ̀ tán.

Ibi tí mo ti ń bọ́ sílẹ̀ tún bẹ́líìtì fà yẹn náà ni mo ti ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan họ́ọ̀bù táyà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ bákan náà. Ní ọjọ́ kan nígbà ìkórè sóyà, ti ẹ̀yìn lọ́tùn-ún gbóná débi tí n kò lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ dúró lórí rẹ̀, gíríìsì dúdú sì ti ta sí inú rímù yíká. A gbé e sórí jáàkì níbẹ̀, mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì í, ó ń ta gbọ̀n-ọ̀n gbọ̀n-ọ̀n. Bẹ́ríìn ti lọ. Èyí tí a yọ jáde ti pọ́n lójú, síìlì ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, eruku sì ti wọlé. Ká ní a fà á lọ sílé bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ yẹn, táyà yẹn ìbá ti já kúrò lójú títì. Àwọn tó ń ṣe ásì, irin tí táyà ń yí lórí rẹ̀, níhìn-ín máa ń kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí a tú bẹ́ríìn, kí a fọ̀ ọ́, kí a fi gíríìsì tuntun kún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kódà bí tírélà kò bá rìn jìnnà. A ń ṣe tiwa ní oṣù kẹjọ, kí ìkórè tó dé.

Nọ́ọ̀tì táyà náà ń fẹ́ ojú. Bí a bá yọ táyà tí a sì dá a padà, a ń fún nọ́ọ̀tì ní ìfúnkọjá, ìyẹn ọ̀kan, lẹ́yìn náà èyí tó dojú kọ ọ́, kì í ṣe yíká, a ó sì tún un fún lẹ́yìn máìlì 10, 25 àti 50. Máìlì 50 lè gba tírélà yìí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sára ògiri ṣẹ́ẹ̀dì.

Nípa táyà, ẹ̀yin tí ẹ ti ra táyà ní Ládípọ̀ kò nílò olùkọ́. Nọ́ńbà mẹ́rin tó wà ní ìparí àkọlé DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ni ẹ óò kà: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ní ọdún 2019. Irú tírélà yìí máa ń jókòó sójú kan fún oṣù mẹ́wàá, oòrùn ló máa ń pa táyà rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó jẹ. Ẹ lè rí táyà tí eyín rẹ̀ pé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ti sán wẹ́wẹ́. Ẹ má gbà á. Àwọn mìíràn tún jẹ́ táyà oko tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kì í ṣe fún títì. Gbogbo rẹ̀ tún padà sí orí eré.

Iná rẹ̀ ni ó bí mi nínú jù. Kì í ṣe pé kò ní iná, eku ló ń jẹ wáyà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù. Òfin àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 ti ní kí ẹ̀rọ oko tuntun máa wá pẹ̀lú iná àti àmì tó ń tàn, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ ti wà kó tó dé. A ra wáyà tuntun, a tì í bọ inú páìpù ike láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì ti ń ṣe déédéé láti ìgbà náà. Ẹ yẹ iná ìdúró àti tiráfíkétọ̀ wò kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn tó ní etí pupa gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohio State University ni wọ́n ti ṣe é jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ohun tó ń sọ ni pé ohun tó wà níwájú kì í sáré ju máìlì 25 ní wákàtí kan lọ. Máìlì 55 ni òfin gbà láyè lójú títì abúlé wa. Bí ẹ bá ń lọ ní 20, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín ń sún mọ́ yín ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àmì tí oòrùn ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ kò lè jí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ní kọ́nà, ẹ rántí pé hẹ́dà yọ kọjá táyà ẹ̀yìn: bí ẹ bá ń yà sí ọ̀tún, ìdí rẹ̀ ń jáde sí òsì. Rírìn sẹ́yìn pẹ̀lú rẹ̀ kò ṣe é fẹnu sọ. Ibi méjì ló ti ń ṣẹ́po, níbi ìkọ́ píkọ̀ọ̀pù àti níbi táyà iwájú, ẹni tó bá sọ pé òun lè fi í wọ ṣẹ́ẹ̀dì ní ìdí, kí ó wá fi hàn mí. Èmi máa ń wá ibi tí mo ti lè yí po ni.

Aládùúgbò wa ní oríṣi kejì, èyí tí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà pọ̀ lábẹ́ àárín rẹ̀, tó ní bíréèkì oníná. Mo ti bá a fà á. Kì í ju ìdí bí ẹ bá gbé ẹrù lé e dáadáa, ó rọrùn láti fi rìn sẹ́yìn. Ó kàn nílò kí ìwọ̀n ẹrù tẹ̀ síwájú díẹ̀, bíi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìkọ́ píkọ̀ọ̀pù, kò sì dùn ún so bí hẹ́dà bá ti wà lórí rẹ̀. Bí pápá yín bá jìnnà, èyí ni kí ẹ rà.

Àwọn ará ilé kan ní Nàìjíríà ti ń bi mí bóyá kí wọ́n fi ọ̀kan sí kọ̀nténà wá sílé. Ẹ̀rọ ìkórè ìrẹsì kékeré tí ẹnu rẹ̀ kò ju mítà 2 lọ kò nílò rẹ̀. Ẹni tó bá ní hẹ́dà ńlá lè lò ó nínú oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sípíríìnì kankan, gálọ́ọ̀pù ọ̀nà wa yóò sì fa irin rẹ̀ ya níbi tí wọ́n ti wẹ́dà rẹ̀.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mo fún tiwa ní mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀ rẹ̀, ẹ wo ìdí ìjókòó hẹ́dà bóyá wọ́n ti wẹ́dà rẹ̀ rí, ẹ mi ọ̀pá ìfà wò níbi píìnì, kí ẹ sì gbé táyà kọ̀ọ̀kan kúrò nílẹ̀ kí ẹ yí i, kí ẹ tẹ́tí sí i. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí jáàkì nílé, ẹ gbé tiyín dání.