Iléèwé girama tí ọmọ mi wà: ẹ bi wọ́n pé "nínú mélòó?"

Kí n má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: iléèwé náà dára, ẹni tó bá bi mí, màá ní kó mú ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n fi ń pe èèyàn wọlé kọ́ ló dára níbẹ̀. Pátákó gàgàrà tó wà lẹ́nu géètì, àwòrán àwọn ọmọ tó gba ẹ̀bùn, tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ tí wọ́n gbé kọ́ sí gbogbo kíláàsì, àwọn yẹn ni wọ́n ń fi han àlejò. Ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé níbẹ̀ kò ṣeé yà ní fọ́tò.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ wò. Tí mo bá rí iye kan lórí ìwé, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Nínú mélòó?" Pátákó wọn sọ pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó ìdánwò àṣekágbá ló yege. Mo bá lọ sí ọ́fíìsì. Mo bi wọ́n pé mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kìíní, mélòó ni wọ́n ní kó tún kíláàsì ṣe, mélòó sì ni wọ́n rọra sọ fún òbí wọn pé kó wá ibòmíì fún ọmọ rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ wò mí bíi pé owó ni mo wá yá. Ìgbà tí mo pààrà ibẹ̀ títí ni wọ́n tó dá mi lóhùn: àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó jókòó ìdánwò lọ, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó dín yẹn ni òbí wọn kó kúrò nílùú. Pátákó ò parọ́. Àwọn tó kù nìkan ló kà.

Ẹ bi iléèwé yòówù tí ẹ bá ń wò ní ìbéèrè yẹn, kí ẹ sì wo bí ojú wọn ṣe rí nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn.

Físíìsì ló kọ́kọ́ mú orí mi yá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gba àwọn òbí láyè láti jókòó sí kíláàsì, olùkọ́ físíìsì wọlé, kò kọ nǹkan kan sójú pátákó. Ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kan àti mọ́tò kékeré kan forí sọ ara wọn: èwo ló fi agbára tó pọ̀ jù gbá èkejì? Káàdì aláwọ̀ mẹ́rin wà níwájú ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Olùkọ́ dákẹ́, ó ń wo aago, lẹ́yìn náà ló ní kí gbogbo wọn gbé káàdì sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó mú ọkọ̀ akẹ́rù ló pọ̀ jù. Kò sọ pé wọ́n gbà á, kò sọ pé wọ́n ṣì í. Ó ní kí kálukú kọjú sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tirẹ̀, kó sì fi àlàyé yí i lọ́kàn padà.

Ariwo sọ! Ọmọkùnrin kan pàtẹ́wọ́ kíkankíkan níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ń bi í pé èwo nínú ọwọ́ òun méjèèjì ni kò ta òun. Nígbà tí wọ́n máa fi tún gbé káàdì sókè, àwọn tó sọ pé agbára méjèèjì dọ́gba ti pọ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ìgbà yẹn ni olùkọ́ tó mẹ́nu ba òfin kẹta Newton: agbára tí ọkọ̀ méjèèjì fi gbá ara wọn dọ́gba, àmọ́ torí pé mọ́tò kékeré fúyẹ́, òun ni eré rẹ̀ yí padà jù, òun ló sì máa ń rún jù. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ní òun ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí, kọ̀ jálẹ̀. Ó bá olùkọ́ jiyàn títí aago fi dún, inú àwọn ọmọ sì ń dùn.

Iléèwé náà kọ́ ló dá àrà yìí o. Eric Mazur, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì ní Harvard, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991, nígbà tó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun tó mọ fọ́múlà lò dáadáa kò lè dáhùn irú ìbéèrè ọkọ̀ akẹ́rù yìí. Èmi fẹ́ràn dídákẹ́ olùkọ́ yẹn ju káàdì lọ. Mary Budd Rowe, olùwádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, gba ohùn inú ọ̀pọ̀ kíláàsì sílẹ̀, ó sì rí i pé tí olùkọ́ bá béèrè ọ̀rọ̀, kì í sábà dúró ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíì tàbí kó dá ara rẹ̀ lóhùn. Tó bá dúró tó àáyá mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, àwọn tí kì í lanu náà á sì sọ̀rọ̀. Àáyá mẹ́ta ò gba iná mànàmáná, kò sì gba íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọmọ mi ò kọ́kọ́ fẹ́ràn kíláàsì yẹn. Ó ní, "Mọ́mì, tíṣà yẹn ò kọ́ wa ní nǹkan kan, àwa la ń kọ́ ara wa." Mo mọ òbí tó torí irú ọ̀rọ̀ yìí lọ jà níléèwé. Ní 2019, Louis Deslauriers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Harvard gbé ìwádìí kan jáde: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ nínú kíláàsì gba máàkì ju àwọn tó jókòó gbọ́ àlàyé tó já gaara lọ, síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ àlàyé ló gbà pé ẹ̀kọ́ yé àwọn jù. Ó yẹ kí iléèwé ti sọ èyí fún ọmọ àti òbí láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọn ò sọ ọ́. Mo yọ máàkì fún ìyẹn.

Mo tún yọ máàkì fún ìwé pélébé tí wọ́n ń pín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwádìí ti fi hàn pé ọ̀nà ìkọ́ni wọn ń dín ìfìdírẹmi kù. Ìwádìí wà lóòótọ́. Ní 2014, Scott Freeman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ: níbi tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀, nǹkan bí 34 nínú 100 ló ń fìdí rẹmi; níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kópa, nǹkan bí 22. Àmọ́ yunifásítì ni wọ́n ti ṣe é, lórí sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò. Ìwé pélébé náà ò dé ibẹ̀ yẹn. "Nínú mélòó?" tèmi náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá yin ẹni tó yẹ. Olùkọ́ ìṣirò kì í kọ máàkì sórí iṣẹ́ tó bá kọ́kọ́ dá padà. Ohun tí mo rí nínú ìwé ọmọ mi ni: "Ìlà kẹta: nígbà tí o gbé 2x kọjá sí ọwọ́ kejì, kí ló ṣẹlẹ̀ sí àmì rẹ̀?" Ọmọ á wá àṣìṣe náà fúnra rẹ̀, á tún un ṣe, ìgbà yẹn ni máàkì tó ń dé. Àwọn òbí kan bínú, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ipò tí ọmọ àwọn wà. Olùkọ́ náà ò yẹsẹ̀, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ruth Butler, olùwádìí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, dán irú èyí wò ní 1988: àlàyé láìsí máàkì mú kí iṣẹ́ àwọn ọmọ sàn sí i, àmọ́ nígbà tí wọ́n kọ máàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàyé, àǹfààní náà pòórá. Ta ló ń ka àlàyé nígbà tó ti rí 4 nínú 10?

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì náà ní tiẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á ní kí gbogbo ìwé wà ní pípadé, kí ọmọ kọ ohun tó rántí nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá sórí bébà kan. Kò sí máàkì, kò gba bébà náà lọ́wọ́ wọn. Ìwádìí tí Roediger àti Karpicke, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń rántí nǹkan, ṣe ní 2006 ló wà nídìí èyí. Àwọn kan ka àyọkà kan léraléra ní ìgbà mẹ́rin, àwọn mìíràn kà á lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó kà á léraléra ló ń lé iwájú: wọ́n rántí 83 nínú 100 ohun tó wà nínú àyọkà náà, àwọn yòókù rántí 71. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó yí padà: 40 sí 61. Mo lẹ iye mẹ́rin yìí mọ́ ògiri yàrá ọmọ mi. Kò dùn mọ́ ọn nínú.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì yìí kan náà ni fídíò rẹ̀ burú jù. Iléèwé ní kí ọmọ máa wo ẹ̀kọ́ lórí fídíò nílé, kí wọ́n wá fi àkókò kíláàsì ṣe iṣẹ́. Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, olùkọ́ kẹ́mísìrì ní Woodland Park High School ní Colorado, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí ayé mọ̀. Ní 2007, àwọn ọmọ tó pa kíláàsì jẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún. Ti olùkọ́ tiwa, ìwé ló kàn ń kà sínú fóònù, ó gùn, ohùn ò sì lọ sókè. Ohun kan tó dára nínú ètò náà ni pé ilé ìkàwé ń ṣí lẹ́yìn iṣẹ́ fún ọmọ tí kò ní fóònù nílé.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́ ò gún régé. Ọmọ kan á ṣe é, mẹ́ta á kọ orúkọ sí i. Olùkọ́ ìtàn nìkan ló mọ̀ ọ́n ṣe: ó ń pín ẹ̀kọ́ sí apá apá, ọmọ kọ̀ọ̀kan á mọ apá kan, á sì kọ́ àwọn yòókù, tí ẹnì kan bá sùn, gbogbo wọn á pàdánù apá tirẹ̀. Orin àti àwòrán yíyà, wọ́n wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ wá kù. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń lò ó bíi pátákó tó ní iná, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tó ti wúlò ni ètò kọ̀ǹpútà méjì: PhET, tí àwọn ọmọ fi ń to wáyà, bátìrì àti gílóòbù pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, àti GeoGebra, tí wọ́n ń fọwọ́ fa ìlà kí wọ́n lè rí bí iye ṣe ń yí padà. Carl Wieman, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 2001, ló dá PhET sílẹ̀ ní 2002 ní Yunifásítì Colorado Boulder. Markus Hohenwarter bẹ̀rẹ̀ GeoGebra ní 2001 ní Salzburg. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì fún akẹ́kọ̀ọ́. Owó kan sì wà nínú ìwé owó iléèwé tí wọ́n pè ní "owó ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà". Ẹ̀yin náà ẹ rò ó.

Àṣeyọrí tó wú mi lórí jù kò sí lórí pátákó ẹnu géètì. Ó wà lára ògiri ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin gbé garawa sábẹ́ gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi tó ń jò níléèwé, wọ́n fi fóònù ka ìṣẹ́jú, wọ́n wọn omi náà, wọ́n sì ṣírò èyí tó ń ṣòfò lọ́sẹ̀. Wọ́n ya gíráàfù rẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn yọ iye kan kúrò torí pé ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ náà nígbà tí àwọn ń wọ̀n ọ́n. Mo ti yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ ńlá wò tí kò ní irú òótọ́ yẹn nínú. Ọ̀gá àgbà pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, wọ́n sì dí gbogbo rẹ̀.

Àbúrò ọmọ mi máa wọlé síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Mo ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n sọ orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń fi owó yẹn rà, kí wọ́n sì kọ iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye àwọn tó yege lórí pátákó. Wọn ò tíì fèsì.