Yẹ́lò tàbí pupa? Ìfiwéra ọ̀dà fún ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ ní Àkúrẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ asáré àtijọ́ sábà máa ń mọ ẹ́ńjìnì tó ń wá. Ọ̀dà ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Ní Àkúrẹ́ níbí, pupa lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, torí Ferrari ló wà lọ́kàn wọn. Èmi ò sí lẹ́yìn pupa. Tí ọkọ̀ náà bá kéré, tó rẹlẹ̀, tí ara rẹ̀ sì rí róbótó, yẹ́lò ni kí ẹ mú, bó bá jẹ́ pé yẹ́lò náà ló fi jáde nílé iṣẹ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì, a ó padà sí i.

Èwo ló nítàn jù?

Ẹ wo àmì Ferrari dáadáa: orí yẹ́lò ni ẹṣin dúdú yẹn dúró sí. Àwọ̀ ìlú Modena ni, níbi tí wọ́n ti bí Enzo Ferrari. Pupa wulẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tó kan Ítálì nígbà tí wọ́n ń pín àwọ̀ fún orílẹ̀-èdè tó ń díje ni, bí búlúù ṣe kan Faransé, tí àwọ̀ ewé sì kan àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ljíọ̀mù ló gba yẹ́lò, ìdí nìyẹn tí àwọn Ferrari tí ẹgbẹ́ Ecurie Francorchamps ti Bẹ́ljíọ̀mù ń gbé sáré fi jẹ́ yẹ́lò. Nígbà tí Lamborghini máa kọ́kọ́ gbé Countach síta ní Geneva lọ́dún 1971, yẹ́lò ni wọ́n kùn ún. Ọkọ̀ tí Renault fi mú ẹ́ńjìnì turbo wọ Formula 1 lọ́dún 1977 náà, yẹ́lò ló bo ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní yẹ́lò kì í ṣe àwọ̀ gidi fún ọkọ̀ asáré, ẹ bi í pé ta ló sọ fún un.

Lójú àti lójú ọ̀nà

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn ń tètè gbà jù lọ́sàn-án wà níbi tí àwọ̀ ewé ti ń yí sí yẹ́lò. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, pupa ló máa ń kọ́kọ́ dúdú lójú wa, yẹ́lò á ṣì máa hàn. Torí irú nǹkan báyìí làwọn ará Amẹ́ríkà ṣe fẹnu kò lọ́dún 1939 pé kí bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé jẹ́ yẹ́lò. Ọkọ̀ asáré àtijọ́ kì í ga. Lójú ọ̀nà Iléṣà nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú àwọn tírélà tó ń sáré, mi ò ní fẹ́ kí awakọ̀ tírélà máa wá mi kiri.

Ti ẹwà wá ńkọ́? Yẹ́lò máa ń jẹ́ kí òjìji hàn lábẹ́ gbogbo ibi tí ara ọkọ̀ ti tẹ̀, kí ihò afẹ́fẹ́, rọ́bà ojú wíńdò àti táyà dúdú sì yọ kedere. Ẹ wo Dino 246 ti Ferrari, tí wọ́n ṣe láàárín 1969 sí 1974: lára pupa, èjìká táyà iwájú rẹ̀ kàn ń dán ni, lára yẹ́lò, ẹ ó rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ẹ gbé e dúró síwájú àpáta Ìdànrè, kí ẹ wá sọ pé mo parọ́. Àmọ́ ọkọ̀ gígùn tí irin dídán pọ̀ lára rẹ̀, irú bíi Mercedes SL ti 1971 sí 1989, yẹ́lò kì í yẹ ẹ́. Ẹ fi ti fàdákà sílẹ̀ fún un.

Yẹ́lò náà kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó rọ̀, tó dà bí ẹ̀bá onípupa, ló bá Porsche 911 ti ọdún 1970 sí ìsàlẹ̀ mu. Èyí tó le, irú yẹ́lò tí BMW pè ní Dakar, tí wọ́n kùn M3 àwọn ọdún 1990, kò ní fi yín sílẹ̀ láìjẹ́ kí gbogbo Alágbàká mọ̀ pé ẹ ti dé. Mazda MX-5, tó jáde lọ́dún 1989, ni mo máa gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti wá: ti pupa pọ̀ kiri, ti yẹ́lò ṣọ̀wọ́n.

Oòrùn, eruku, àti pẹ́ńtà

Níbi tí owó ń bá lọ gan-an nìyí. Ọ̀dà pupa àtijọ́ tí kò ní kílíà (ọ̀dà tí kò láwọ̀ tí wọ́n fi ń bo òkè) lórí máa ń ṣá lóòrùn, á sì rí bíi píǹkì tó ní ẹfun lára. Pọ́líìṣì lè gbà á padà, títí ọ̀dà á fi tán. Yẹ́lò àtijọ́ ní àrùn tirẹ̀: òjé wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sáńpépà gbígbẹ ha á láìbo imú. Májèlé ni eruku rẹ̀.

Yẹ́lò òde òní kò bo nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa. Bí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ funfun lápá kan, tó jẹ́ eérú lápá kejì, yẹ́lò kan náà á di oríṣi méjì. Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi funfun kan náà tẹ́ gbogbo ibẹ̀. Kòkòrò náà tún ńkọ́! Yẹ́lò ń fà wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ń fi páálí yẹ́lò tó ní gọ́ọ̀mù mú wọn lóko, ẹ bi àwọn ọmọ yunifásítì FUTA. Ẹ má gbà kí wọ́n kùn ún ní gbangba lábẹ́ igi.

Ní ti eruku, yẹ́lò ló borí nígbà ọyẹ́. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ pupa wa yìí máa ń ba abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́, níbi tí ọkọ̀ pupa á ti fara pa á mọ́.

Kí ẹ tó sanwó

Ọ̀dà tí kò dúdú máa ń bo irin tó wú mọ́lẹ̀, yẹ́lò sì wà nínú wọn. Ẹ fi ọwọ́ pa á, kí ẹ sì gbé mágnẹ́ẹ̀tì kékeré dání: kò ní lẹ̀ mọ́ ibi tí pọ́tì, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó bàjẹ́ lára irin, bá pọ̀ sí. (Lára Corvette tàbí Lotus Elan, kò ní lẹ̀ mọ́ ibikíbi, torí ara wọn kì í ṣe irin.) Àmọ́ yẹ́lò ò lè pa àtúnkùn mọ́. Ẹ wò ó lọ́sàn-án gangan, lábẹ́ oòrùn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tún kùn á yàtọ̀ sí èjìká táyà tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀tù, ẹ wo ìdí ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ mìíràn níbẹ̀, tàbí tí nọ́ńbà ọ̀dà tó wà lára àwo kékeré ilé iṣẹ́ kò bá yẹ́lò mu, ẹnì kan ló pa á láró. Ẹ dín owó náà kù, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀. Pupa tí wọ́n bí ní pupa sàn ju yẹ́lò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ di yẹ́lò lọ.

Ọ̀rọ̀ dáńfó: bí ẹ bá gbé e dé Èkó, wọ́n á ṣẹ̀fẹ̀. Nọ́ńbà yín tí wọ́n fi búlúù kọ ti fi hàn pé ọkọ̀ àdáni ni. Àwọ̀ tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni kí ẹ rí i pé ó bá ti ara rẹ̀ mu. Tí ìwé bá ń sọ pupa, kí ẹni tó ń tà á tún un ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ kí owó yín tó kúrò lọ́wọ́.