Ẹ̀rọ tí ń wo ibi tí gáàsì kù sí: oṣù mẹ́ta tí mo ti ń lò ó

Alásè ni mí n'Ìbàdàn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gáàsì tán mọ́ mi lọ́wọ́ lórí ìrẹsì láàárín oṣù kan, ẹ̀ẹ̀kejì níbi ìkómọ, tí àwọn àlejò ti jókòó. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ti gbé sílíńdà kílò 12.5 ọ̀hún wò láàárọ̀, ó ní, "Ó ṣì wúwo, mà." Irin ló wúwo.

Bí mo ṣe ra ẹ̀rọ yìí nìyẹn, ₦14,000. Kò ju bírò tó sanra lọ. Ẹ óò fi orí rẹ̀ ti ara sílíńdà, ẹ óò tẹ bọ́tìnnì: iná rẹ̀ á tàn bí àwọ̀ ewé bí gáàsì olómi bá wà lẹ́yìn irin níbẹ̀, á pọ́n bí kò bá sí. Ìró tí etí wa kì í gbọ́ ló ń rán wọ inú irin. Bí omi bá fara ti irin náà nínú, irin á tètè dákẹ́. Bí kò bá sí, á máa dún lọ. Ẹ kan agolo tó kún fómi àti òfìfo wò, ẹ óò gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, díẹ̀ ló kù kí n dá a padà. Pupa lókè, pupa nísàlẹ̀, lára sílíńdà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ! Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán oyún ló bi mí pé, "Ṣé ẹ fi nǹkan yíyọ̀ sí i?" Mo ti ju èyí tó bá a wá nù. Afẹ́fẹ́ tín-ín-rín tó wà láàárín orí ẹ̀rọ àti irin ni kì í jẹ́ kí ìró kọjá. Ẹ̀kán òróró kan báyìí, iná yí padà. Àmọ́ ibi tí ọ̀dà bá ti wú tàbí tó ti dógùn-ún, ẹ fo ibẹ̀.

Mo tún fi omi gbígbóná dán an wò: mo dà á sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, mo fọwọ́ kàn án, òkè gbóná, ìsàlẹ̀ tutù. Ojú ibẹ̀ àti àmì tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sí ibi tí iná ẹ̀rọ ti yí padà kò jìnnà síra ju ìka kan lọ. Ṣùgbọ́n gáàsì tó kù náà ni ẹ óò fi se omi ọ̀hún!

Ẹ̀rọ náà kò lè sọ iye kílò o. Kódà, mo fẹ́ bá ẹni tó rọ gáàsì fún mi jà nítorí pé òkè pọ́n, láìmọ̀ pé wọn kì í rọ ọ́ dẹ́nu: bí ìdá 80 sí 85 nínú 100 ni, torí gáàsì olómi máa ń wú bí ooru bá mú. Ìgbà tí mo tún rọ gáàsì, tí àmì tuntun wá sílẹ̀ gan-an ju ti tẹ́lẹ̀, ni ara fu mí. Mo gbé e sórí sìkéèlì: 25.9. Mo yọ 15.1, ìwọ̀n sílíńdà òfìfo tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀, kúrò, ó ku 10.8, bẹ́ẹ̀ 12.5 ni mo sanwó rẹ̀. N ò débẹ̀ mọ́.

Bó bá jẹ́ sílíńdà kan lẹ ní nílé, sìkéèlì ni kí ẹ rà. Èmi tí mo ń to mẹ́rin síta lọ́jọ́ ìnáwó, n ò lè máa gbé wọn sórí sìkéèlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì rẹ̀ ti kú lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ mi yọ ti aago ògiri sí i, aago mẹ́rin sì ni ó ń lù nílé wa títí di òní.