Mítà DT830D: ẹ rà á kí ẹ tó ra bátìrì tuntun

Mítà yẹ́lò kékeré tó máa ń wà lápò ṣòkòtò àwọn rewáyà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí wọ́n kọ DT830D sí lára. Ọjà Àtàkúmọ̀sà ní Iléṣà ni mo ti rà á. Kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, wáyà pupa àti dúdú tí wọ́n fi ń wọ̀n iná sì wà nínú páálí rẹ̀. Èmi kì í ṣe rewáyà o. Oúnjẹ ni mò ń tà nínú kárábáánì. Mayfair ní Ifẹ̀ níbí la máa ń dúró sí, bó bá sì di àsìkò ọdún, a ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ó di Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, níbi tí èrò ti ń wá wo omi Olúmirìn. Ẹran wà nínú fíríìjì, omi wà nínú táǹkì, oníbàárà wà lójú fèrèsé: bí iná bá ṣe wàhálà, àdánù dé nìyẹn.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni kárábáánì wa, iná oríṣi méjì ló sì wà nínú rẹ̀. Èkíní ni iná ńlá. 120 fólítì ni tọ̀hún, 230 ni tiwa níbí, ìdí nìyí tí a fi gbé step-down, àpótí tó ń sọ 230 di 120, sáàárín kí nǹkan má baà jó. Èkejì ni iná bátìrì, 12 fólítì, òun ni gílóòbù, fáànù àti pọ́ǹpù omi ń lò. Fíríìjì náà nílò rẹ̀: lóòótọ́ gáàsì ló ń mú un tutù bí a bá wà lójú ọ̀nà, àmọ́ bọ́ọ̀dù tó ń tan gáàsì ọ̀hún, 12 fólítì ló ń bá ṣiṣẹ́. Àpótí kan wà lábẹ́ àga tí wọ́n ń pè ní converter. Ó ń gba iná ńlá, ó ń sọ ọ́ di 12, ó sì ń ṣáájì bátìrì. Bí NEPA bá mú iná lọ, ọrùn bátìrì ni gbogbo rẹ̀ ń já lé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa ni pé bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, pọ́ǹpù á máa kùn láìgbé omi wá, fíríìjì á sì kú. Rewáyà kan ní Lágeere wá wò ó. Ó fi wáyà gún orí bátìrì lẹ́ẹ̀kan, ó tàn yẹ́ríyẹ́rí, ó ní, "Mọ́mì, bátìrì yìí ti kú. Ẹ lọ ra tuntun." Èyí tó dárúkọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba ẹgbẹ̀rún náírà. Bàbá Tọ́mi ní kò sówó, ká kọ́kọ́ fi mítà wọ̀n ọ́n ná. Bí mítà ṣe wọlé wa nìyẹn.

Bí a ṣe ń lò ó kò le. Ẹ ki wáyà dúdú bọ ihò COM, kí pupa wọ ihò tí wọ́n kọ V sí. Ẹ yí ojú rẹ̀ sí 20 ní ẹ̀gbẹ́ DC, ìyẹn iná bátìrì, níbi tí wọ́n ya ìlà tó tọ́ sí. Ẹ̀gbẹ́ tí ìlà rẹ̀ ń ṣe kọ́rọkọ̀rọ jẹ́ ti NEPA. Pupa lórí pọ́sítíìfù, dúdú lórí nẹ́gétíìfù, òǹkà á jáde. Àmọ́ ẹ má ṣe wọ̀n bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ṣáájì, irọ́ ni yóò pa fún yín. Ẹ tú u sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan ná. Bátìrì olómi tó kún dáadáa yóò fi 12.6 tàbí 12.7 hàn. Bó bá jẹ́ 12.2, ó ti lò tó ìdajì. Bó bá ti sún mọ́ 11.8, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́.

Tiwa fi 12.6 hàn. Bátìrì tí wọ́n ní ó ti kú!

Ṣùgbọ́n òǹkà yẹn nìkan kò tó láti dá a láre. Ẹni tó jókòó jẹ́jẹ́, ẹ ò lè mọ̀ bóyá ó lágbára, àfi kí ẹ ní kó gbé àpò sìmẹ́ntì. Nítorí náà a tan pọ́ǹpù àti gbogbo gílóòbù, a tún wọ̀n ọ́n: 12.3 lórí bátìrì. Kò sí aburú níbẹ̀. Ká wá gbé mítà lọ sí ìdí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀, 10.4 ló bọ́ síta. Fólítì méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sójú ọ̀nà. Bí mo ṣe rí i báyìí ni ọkàn mi kúrò lórí bátìrì pátápátá.

Ibi tí mítà yìí ti gba owó rẹ̀ padà nìyí, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Bí pọ́ǹpù ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ fi wáyà dúdú mítà kan nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ fi pupa kan wáyà nẹ́gétíìfù tó wà lára pọ́ǹpù. Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni méjèèjì, kò yẹ kí mítà rí ju nǹkan bí 0.2 lọ. Tiwa rí 1.6. A wá ń tọ ojú ọ̀nà náà lọ díẹ̀díẹ̀, láti pọ́ǹpù dé irin abẹ́ kárábáánì, láti irin dé bátìrì, títí a fi débi tí òǹkà ti fò sókè lójijì. Bóòtù ẹ́ẹ̀tì ni, èyí tó de wáyà bátìrì mọ́ irin abẹ́. Ó ti dógùn-ún débi pé mi ò mọ̀ ọ́n ní bóòtù mọ́. Kárábáánì ilẹ̀ Amẹ́ríkà máa ń lo irin abẹ́ rẹ̀ bíi wáyà nẹ́gétíìfù, ẹrọ̀fọ̀ àti òjò ilẹ̀ wa kì í sì í fi irin bẹ́ẹ̀ lọ́rùn sílẹ̀. A tú u, a fi sánpépà ha á títí irin fi funfun, a dè é padà, a fi gíríìsì bò ó. Pọ́ǹpù gbé omi wá, gílóòbù kò ṣẹ́jú mọ́. Owó sánpépà la ná.

Mo rò pé ó ti parí, àmọ́ bátìrì kò fẹ́ gba ṣáájì. Bí NEPA bá wà, tí converter sì ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ẹ rí tó 13.6 lórí bátìrì. Tiwa dúró sí 12.4, kò gòkè. Ìyẹn ni pé ohun tó ń jáde látinú àpótí yẹn kò dé ibi tó ń lọ. Fíúsì ńlá méjì wà lójú converter, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n jó bí ẹnikẹ́ni bá de orí bátìrì sódì. Ẹ yọ fíúsì kúrò, ẹ yí mítà sí ibi tó ń dún, ẹ fi wáyà mítà méjèèjì kan orí méjèèjì fíúsì kọ̀ọ̀kan: bí kò bá dún, ó ti jó. Tiwa kò dún. Ọmọ tó gbé bátìrì lọ ṣáájì fún wa lẹ́bàá títì ló dè é padà, ó de pupa mọ́ nẹ́gétíìfù. Àwọn yẹn náà tún ní àṣà kan tí mi ò fẹ́: bí omi bátìrì bá lọ sílẹ̀, ásíìdì ni wọ́n máa ń dà kún un. Omi nìkan ló ń gbẹ nínú bátìrì, ásíìdì kì í gbẹ. Omi tí wọ́n sè tó di oru kó tó padà di omi, èyí tí wọ́n ń tà ní ike, ni kí ẹ dà sí i.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ti bátìrì tó ń gbẹ nígbà tí a kò lò ó. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ OAU bá lọ ìsinmi, ọjà á dúró, kárábáánì náà á dúró. A pa gbogbo nǹkan, a tú wáyà nẹ́gétíìfù, a fi mítà sáàárín wáyà àti orí bátìrì ní ihò 10A. Ó rí 0.1 ámípíà, ìyẹn iye iná tó ń ṣàn. Ẹ ó ní kí ni 0.1 jẹ́? Lójúmọ́ kan ó jẹ́ 2.4 ámípíà-wákàtí, bátìrì 100 yóò sì dé ìdajì láàárín bí ogún ọjọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tan gílóòbù. Ẹ̀rọ tó ń gbóòórùn gáàsì ló ń jẹ ẹ́. Ẹ má gé wáyà rẹ̀ o! Òun ló máa ké bí gáàsì bá ń jò. Súíìṣì tó ń gé bátìrì la fi sí i, a máa ń pa á kìkì bí a bá ti ti gáàsì, tí kò sì sẹ́ni nínú kárábáánì. Bátìrì olómi tó bá wà nílẹ̀ pẹ́ láìní iná, nǹkan funfun kan á bo irin inú rẹ̀, kò sì rọrùn láti kúrò mọ́.

Ó tó àkókò kí n sọ àléébù rẹ̀. Ihò 10A yẹn kò ní fíúsì, wọ́n tiẹ̀ kọ UNFUSED sí i. Bí ẹ bá gbàgbé wáyà pupa síbẹ̀, tí ẹ wá fẹ́ wọ̀n fólítì bátìrì, iná ni ẹ so pọ̀ yẹn, wáyà lè jó lọ́wọ́ yín. Ẹ má sì tan pọ́ǹpù nígbà tí mítà wà láàárín. Wáyà tó bá a wá tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan ti já ní ìdí, mo sì ra èyí tó nípọn dípò. Kì í pa ara rẹ̀, bátìrì 9 fólítì inú rẹ̀ á sì tán bí ẹ bá gbàgbé. Bí bátìrì yẹn bá ti ń kú lọ, òǹkà á máa lọ sókè ju bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí 13.5 lórí bátìrì olómi tó ti sinmi tí kò sí lórí ṣáájì, mítà ni kí ẹ fura sí. Fún iná NEPA, mi ò fọkàn tán an rárá, rewáyà tó ní mítà gidi ni mò ń pè. Ẹni tó bá sì ń lo bátìrì lítíọ́ọ̀mù, fólítì kò ní sọ púpọ̀ fún un: nǹkan bí 13.2 ló máa wà láti ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún títí tó fi lọ sí ìdajì.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un fún iṣẹ́ bátìrì, méjì fún iná ńlá. Ohun tí mò ń wá báyìí ni clamp meter, èyí tó ń fi ẹnu gbá wáyà mú kó sọ iye iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá láìtú nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo rí ní Lágeere, iná NEPA nìkan ló ń wọ̀n lọ́nà yẹn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á fún bátìrì, ẹ ní kí wọ́n fi DC A hàn yín lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.