Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra sákúlà tòkunbọ̀: ẹ má wo ọ̀dà, mọ́tò ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹ̀yin káfíńtà àti ẹ̀yin onífọ́nísọ̀, ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Àwọn kan wà nídìí sákúlà tòkunbọ̀, ẹ̀rọ oní-bíléèdì róbótó tí wọ́n fi ń la igi, báyìí tó jẹ́ pé ọ̀dà ni wọ́n ń tà. Wọ́n á fọ irin náà, wọ́n á kùn ún láwọ̀ ewé, wọ́n á lẹ sítíkà "5HP Italy" mọ́ ọn, wọ́n á tan án, á sì máa hó yee. Ariwo yẹn ni ọ̀pọ̀ ń rà. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti pákó ìrókò oní-ínṣì méjì sí i, á kú sára igi.

Inú mọ́tò ni jìbìtì pọ̀ sí jù. Mọ́tò 5HP gidi (HP ni ìwọ̀n agbára mọ́tò) ń ṣiṣẹ́ tó 3.7 kW, kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iná fésì kan, yóò fa nǹkan bí áḿpù 22 sí 25. Plọ́ọ̀gì ilé oní-13A kò lè gbé ìyẹn pẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá pè ní 5HP, tó sì ń fi plọ́ọ̀gì 13A la igi nípọn fún ìgbà pípẹ́ láì jó fíùsì, ó ṣeé ṣe kí HP rẹ̀ jẹ́ irọ́. Ẹ má ka sítíkà. Ẹ wá péètì irin tí wọ́n fi rífẹ́tì kàn mọ́ ara mọ́tò fúnra rẹ̀: kW (agbára), A (áḿpù), V (fóltéèjì) àti Hz (iye ìgbà tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ihò rífẹ́tì bá wà tí péètì kò sí, ẹnìkan ló yọ ọ́, kò sì yọ ọ́ lásán.

Wọ́n tún máa ń so kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná láti ran mọ́tò lọ́wọ́) mọ́ mọ́tò fésì mẹ́ta kó lè yí lórí fésì kan. Á yí lóòótọ́, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ á dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í pẹ́ jó. Ẹ ṣí àpótí wáyà ẹ̀gbẹ́ mọ́tò. Bí ẹ bá bá ojú ìso mẹ́fà níbẹ̀, tí kàpásítọ̀ kan sì wà lẹ́yìn tí wọ́n fi téèpù wé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn. Bí mọ́tò bá ti jó rí, ẹ bèèrè wáyà tí wọ́n fi ríwáìndì rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n fi tún kọ́ìlì inú rẹ̀ wé. Ẹ fi abẹ ha fáníṣì orí wáyà kọ́ìlì díẹ̀: bàbà, èyí tí ẹ ń wá, á pọ́n, alumíníọ̀mù á funfun.

Èyí tó ti Amẹ́ríkà wá, 60Hz ni wọ́n ṣe é fún. Lórí 50Hz tiwa, mọ́tò tí wọ́n kọ 3450 sí lára á máa yí ní nǹkan bí 2875 ní ìṣẹ́jú kan, á sì máa gbóná. Ẹ wo ọ̀pá tí bíléèdì ń wọ̀ náà: 30mm ló wọ́pọ̀ lára ẹ̀rọ Ítálì, 5/8 ínṣì sì ni ti Amẹ́ríkà. Kí ni "Italy" ń fi 5/8 ṣe?

Yíyẹ orí tábìlì ẹ̀rọ náà wò kò le. Ẹ fi oófà wọ́ ọ káàkiri. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ irin, ẹ̀pò tí àwọn panẹlibítà fi ń dí ihò ara ọkọ̀ (filler) ni wọ́n fi dí ojú sísán. Ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò lára iná, ẹ di bíléèdì mú, ẹ mì ín. Bó bá ń mì jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀, bẹ́rìn ti lọ. Bẹ́rìn kò wọ́n, àmọ́ bí ọ̀pá bá ti jẹ, ọ̀dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, lẹ ń lọ yẹn.

Irin pẹlẹbẹ tó máa ń dúró lẹ́yìn bíléèdì ńkọ́? Òun ni kì í jẹ́ kí igi pa ẹnu dé mọ́ bíléèdì, kó sì ta padà sí yín níkùn. Ẹni tó bá ní ẹ ò nílò rẹ̀, òun kọ́ ló máa dúró sídìí ẹ̀rọ.

Ẹ gbé pákó tiyín lọ, ìrókò tàbí àpá, ínṣì méjì nípọn, pẹ̀lú bíléèdì tiyín tó mú, eléyín 24. Ẹ mú oníṣẹ́ iná dání, kó fi clamp meter, ohun tí wọ́n fi ń wọn áḿpù, há wáyà kan ṣoṣo, torí bó bá há méjèèjì pọ̀, òdo ló máa kà. Ẹ la pákó náà lẹ́ẹ̀mẹrin tẹ̀ léra. Bí ohùn ẹ̀rọ bá ń wálẹ̀, tí áḿpù sì kọjá èyí tó wà lára péètì, ẹ kó ẹrù yín.

Ẹ má san àsansílẹ̀ lórí fọ́tò. Kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ déètì òní sórí tábìlì, kí wọ́n sì ya fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń la igi.

Bí ẹ bá sì ti gbà láti rà á, ẹ ya nọ́ńbà mọ́tò ní fọ́tò, kí ẹ fi ìṣó àti òòlù lu àmì kékeré kan sí abẹ́ rẹ̀, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ mọ́tò kí ọkọ̀ tó dé. Ẹ wo àmì náà kí wọ́n tó da tàpólì bò ó, lẹ́yìn náà ni kí ẹ san èyí tó kù.