Dọ́là 11 tí mo san lórí baby artichoke: ẹ ra ti 6 jàre

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin tèmi tẹ́ ẹ fẹ́ràn kẹ́ ẹ máa gbin nǹkan sẹ́yìnkùlé. Mo ti ṣèlérí pé màá sọ bí artichoke, ewéko tí wọ́n máa ń jẹ ìrudi òdòdó ẹ̀ kó tó tanná, tí mo gbìn níbí ní Oakland, California ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ yín ló ń bi mí bóyá ó tó ohun téèyàn ń náwó lé. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí owó tèmi gbà lọ kí tiyín má báa gbabẹ̀ lọ.

March ọdún tó kọjá mo lọ sí nọ́sìrì kan tí kò jìnnà sí wa, mi ò ní dárúkọ wọn, mo bá oríṣi méjì níbẹ̀, ọ̀kan wọ́n kọ Imperial Star sí i lára, dọ́là 6, èkejì wọ́n kọ baby artichoke sí i, dọ́là 11. Àwọn kékeré tó tó ẹyin adìyẹ yẹn ni mo fẹ́, àwọn tí kò ní irun nínú, mo bá ra méjì nínú ti 11, mo wá fi ọ̀kan ti 6 kún un. Nígbà tó fi máa di June, ti 11 yọ ìrudi kan lórí téńté, ó ń tóbi, ó ń tóbi, ó fi tó ìkúùkù méjì. Inú bí mi gan-an. Mo padà lọ bá wọn, ọmọ tó wà ní káńtà sọ pé bóyá mo ti bomi rin ín jù.

Omi kọ́ o. Ìyá àgbàlagbà kan ará Ítálì tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa ló là mí lójú, màmá yẹn wo igi náà, wọ́n ní kí n gé ńlá yẹn kúrò kí n lọ máa wò ó. Mo gé e, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nísàlẹ̀, lábẹ́ abíyá ewé níbi tí òòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, ti 6 náà dẹ̀ ń yọ tiẹ̀ bákan náà gẹ́lẹ́! Àwọn tí wọ́n ń kó wá láti Castroville, ìlú tí wọ́n ti ń gbin artichoke ní California níbí, tí wọ́n ń tà ní baby artichoke, bí wọ́n ṣe ń hù náà nìyẹn, wọn kì í ṣe ọmọdé rárá, wọ́n ti gbó, ibi tí wọ́n wà lára igi ni ò jẹ́ kí wọ́n tóbi. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fi kékeré yìí pawó: ní New York, àwọn ọmọọ̀ta Ciro Terranova gba ọjà ẹ̀ mọ́wọ́ débi pé La Guardia tó jẹ́ mayor wọn fòfin de títà ẹ̀ ní December 1935, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀.

Imperial Star gan-an dáa. Ọdún téèyàn bá gbìn ín náà ló ń so, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òtútù fẹ́ ẹ fún bí ọjọ́ mẹ́wàá nígbà tó bá ṣì kéré, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ewé nìkan lẹ máa rí. Ó ń gba àyè o, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sáàárín wọn. Àwọn kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ máa ń rọ́ wọnú ìrudi ẹ̀, omi ni mo ń tú lé wọn lórí láràárọ̀.

Sísè ẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ já ewé ìta dànù, ẹ máa já a lọ, ẹ má ṣàánú ẹ̀, títí tẹ́ ẹ máa fi kan èyí tí àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ẹ́ pọ́n. Ẹ gé orí ẹ̀, ẹ bó ìdí ẹ̀, ẹ là á sí méjì, ẹ dẹ̀ jù ú sínú omi tẹ́ ẹ fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí lójú ẹsẹ̀, torí kíá ló máa dúdú bí iṣu tí wọ́n bó kalẹ̀. Oje ẹ̀ korò, tí ìka yín bá kan ẹnu ẹ máa rò pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ewúro tán ni, ìdílé kan náà dẹ̀ ni òun àti ewúro àti yánrin lóòótọ́. Ẹ má fi ìkòkò alumíníọ̀mù sè é, ó máa ṣú. Tó bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ gbé òróró ólífì kaná, ẹ da aáyù sí i, ẹ dojú ẹ̀ dé nínú páànù kó din títí etí ẹ̀ á fi pọ́n tá á máa ró wẹ́kẹ́wẹ́kẹ́ lẹ́nu. Mo mu omi tútù lé e, omi lásán, ó dùn bíi pé wọ́n fi ṣúgà sí i, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní cynarin tó wà nínú artichoke ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sè é nínú ọbẹ̀ ata onírúu lọ́jọ́ kejì, kò dáa, ata àti irú bò ó mọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ adùn ẹ̀ rárá. Ata gígún díẹ̀ téèyàn wọ́n sí i lórí ló bá a mu.

Ní March tó ń bọ̀ màá ra méjì sí i, Imperial Star, ti dọ́là 6.